Ọmọ Náà Dà?

Ọmọdébìnrin kan ló wà nínú fọ́tò àkọ́kọ́ tí mo gbé síwájú àwọn tó mọ iṣẹ́ fọ́tò yíyà jù mí lọ. Súwẹ́tà pupa ló wọ̀, pupa fòò, ó dúró níwájú ọgbà tí ewé rẹ̀ tutù minimini, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń rọ díẹ̀díẹ̀. Pupa lórí ewé tútù, ta ni kò ní dúró wò ó? Mo kúnlẹ̀ sínú koríko, mo sé èémí, mo tẹ kámẹ́rà. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni fọ́tò yẹn fi ń yọ sí mi lójú kí n tó fọ fíìmù náà. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà tán, mo dì í kí ó má baà ha, mo gbé e lọ bí ẹni gbé ẹyin.

Àwa méje la yí tábìlì ká lọ́jọ́ náà. Àgbà ayàwòrán kan ló ń kó wa jọ. Ó ti ń fọ fíìmù kí wọ́n tó bí púpọ̀ nínú wa, Ọ̀gá sì ni gbogbo wa ń pè é. Ó gba fọ́tò náà, ó gbé e sábẹ́ iná, ó sún un mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà. Ó nà án sí ẹni tó kàn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Nígbà tó yí padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan péré ló bi mí.

"Ọmọ náà dà?"

Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo nàka sí i. "Òun nìyí, sà."

"Mo rí orí," ó ní. "Mo rí ọwọ́ méjì. Ara tó so wọ́n pọ̀ ni mò ń wá."

Ìgbà yẹn ni mo tó wo fọ́tò tí èmi fúnra mi yà. Súwẹ́tà pupa àti ewé tútù ti di àwọ̀ eérú kan náà. Orí ọmọ náà léfòó lórí ewé bí igbá lórí omi. Ọwọ́ méjèèjì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni pé ẹnì kan gbàgbé wọn síbẹ̀. Èmi tí mo tẹ̀ ẹ́, tí mo dúró tì í nínú omi kẹ́míkà títí ó fi yọ, mi ò rí i. Pupa ni mò ń rí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń fi ojú inú kun ohun tí kò ní àwọ̀ kankan.

Ọ̀rọ̀ náà kò le rárá. Fíìmù dúdú-àti-funfun kò mọ pupa, kò mọ àwọ̀ ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ti ara nǹkan wá bá ṣe pọ̀ tó ni ó ń kọ sílẹ̀. Bí pupa kan àti ewé kan bá ń dá ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba padà, eérú kan náà ni wọn yóò dà. Ká ní mo fi gíláàsì pupa síwájú lẹ́ǹsì ni, súwẹ́tà ìbá mọ́ díẹ̀, ewé ìbá sì ṣú. Bó bá jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ ewé ni mo fi síbẹ̀, òdì kejì rẹ̀ la ó rí. Gíláàsì àwọ̀ ìyeyè ni wọ́n máa ń lò fún ojú ọ̀run, kí ó lè ṣú díẹ̀, kí ìkùukùu sì yọ. Gbogbo èyí ni mo ti kà, mo tilẹ̀ ti fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ nínú ìwé. Kò wọ̀ mí lára títí di ìgbà tí bàbá yẹn bi mí pé ọmọ náà dà.

Kò bá mi wí. Ó dìde, ó mú ìwé kan wá, ó ṣí i sí àwọn irun tí J.D. 'Okhai Ojeikere yà, ọmọ Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin lọ́dún 1968, tó sì ń bá a lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ̀yìn orí ló pọ̀ jù nínú wọn. Irun dúdú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́, kò sí igi, kò sí ògiri tó ní àwòrán, kò sí ẹni tó ń kọjá. Ojú ìpín tí òòyà fà sí àárín irun hàn débi pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ìka tọ̀ ọ́.

"Kí ló fi sẹ́yìn irun yìí?" Ọ̀gá bi mí.

"Kò fi nǹkan kan síbẹ̀, sà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nìyẹn."

Láti kékeré ni mo ti mọ ọ̀rọ̀ náà, àríwísí, nǹkan burúkú ni mo sì mọ̀ ọ́n sí: kí ènìyàn fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kó máa wá àléébù sí iṣẹ́ oníṣẹ́. Ẹni tí àríwísí rẹ̀ bá pọ̀, a kì í fẹ́ kó wá síbi ayẹyẹ. Ṣùgbọ́n ẹ tú ọ̀rọ̀ náà wò. Rí ló ṣáájú, wí ló tẹ̀ lé e. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ sí fọ́tò mi láti ìgbà tí mo ti ń gbé kámẹ́rà kiri, àwísí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tó fẹ́ràn mi dénú, gbogbo ohun tí mo bá fi hàn án ni yóò ní, "Àbúrò, ó mà dára o, ó jọ ti ayé àtijọ́." Mo ya garawa òfìfo kan lẹ́yìn ilé, ìyẹn náà jọ ti ayé àtijọ́. Dúdú-àti-funfun ní ìwà àgàbàgebè yẹn: ó máa ń wọ aṣọ àgbà fún nǹkan lásán. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á rò pé òun ti di ayàwòrán, nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ nìkan ló yọ kúrò.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí tábìlì wa: ẹni tó ni fọ́tò kò gbọ́dọ̀ la ẹnu títí gbogbo wa yóò fi wí tiwa tán. Mo ti rú u lọ́jọ́ àkọ́kọ́ láì mọ̀. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, mo kórìíra rẹ̀. Kí ènìyàn jókòó, kí wọ́n máa tú iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni tú ìfun ẹran, kó sì di ahọ́n mú! Ó máa ń ṣe mí bíi kí n kígbe pé oòrùn ti ń lọ ni, pé ajá kan ń gbó mi, pé odidi wákàtí kan ni mo fi dúró lórí òkúta. Lọ́jọ́ kan tó ká mi lára jù, mo bi Ọ̀gá pé kí ló dé tí a kò lè ṣàlàyé ara wa.

"Ṣé wàá máa tẹ̀ lé fọ́tò náà dé gbogbo ilé tí wọ́n bá gbé e kọ́ sí ni?"

Mi ò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í mú bírò dání. Bí wọ́n bá ti ń wo fọ́tò mi, tí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná sí mi lẹ́nu, màá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré dípò kí n sọ ọ́. Bí mo bá délé, màá kà á. Oṣù mẹ́ta ló gbà mí kí n tó rí ohun tó wà níwájú mi: gbogbo ohun tí mo ń kọ síbẹ̀, ohun tí kò sí nínú fọ́tò ni. Òtútù ń mú wa. Ọkùnrin yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ìrìn àjò ni. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ burúkú. Tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ tí kò sí aṣọ kan tó fì nínú fọ́tò, ara mi nìkan ló fẹ́ sí. Ìwé kékeré náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nígbà mìíràn tí mo bá fẹ́ tẹ kámẹ́rà, mo máa ń bi ara mi pé kí ni màá kọ sínú rẹ̀ lórí èyí, bí ìdáhùn bá sì ti gùn jù, mo máa ń rìn sún mọ́ ohun tí mò ń yà, tàbí kí n gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé fíìmù sàn ju fóònù lọ. Fóònù ni mo fi ń ya nǹkan tí mo fẹ́ rántí. Àǹfààní fíìmù fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé fọ́tò 36 péré ló wà nínú rẹ̀, pé kò sì sí bí ẹ ṣe máa rí èyí tí ẹ yà títí ẹ ó fi fọ̀ ọ́. Nígbà tí ẹ bá máa rí i, ìgbóná ọkàn ọjọ́ yẹn á ti tutù díẹ̀. Tèmi kò tutù tó, bí ẹ ti rí i, ṣùgbọ́n ó tutù.

Àti pé fíìmù kì í bojú àánú wo ọ̀lẹ. Fíìmù mi kẹta, òfìfo ló jáde. Mo yà á dé 36, mo yà á dé 38, kámẹ́rà kò dá mi dúró, ẹni tó gbọ́n ìbá ti fura. Mo fọ̀ ọ́, mo fà á jáde nínú táǹkì, ó mọ́ gaara bí ọ̀rá tí wọn kò tíì fi di nǹkan. Mo ní kẹ́míkà ti bàjẹ́. Inú bí mi sí kẹ́míkà yẹn gan-an ni. Nígbà tí mo gbé fíìmù náà fún Ọ̀gá, kò tilẹ̀ wo àárín rẹ̀.

"Ka etí rẹ̀ fún mi."

Mo kà á. Orúkọ fíìmù wà níbẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, wọ́n dúdú kedere.

"Kẹ́míkà rẹ ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi kọ àwọn yẹn sí etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Bí kẹ́míkà bá ti kú, àwọn náà kò ní yọ. Fíìmù yìí kò rí ìta rí."

Ahọ́n fíìmù ló yọ kúrò lára ríìlì tó yẹ kó ká a, gbogbo 38 náà sì bọ́ sórí ojú kan ṣoṣo, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀, èyí tí mo gé sọnù kí n tó fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fa fíìmù síwájú, ojú mi máa ń lọ sí kókó tí a fi ń ká a padà lápá òsì kámẹ́rà. Bí òun náà bá yí, fíìmù ń rìn. Bí kò bá yí, asán ni mò ń yà. Mo tún kọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀ tí kò sí nínú ìwé: àríwísí tó jinlẹ̀ lè wà lórí fíìmù tí kò sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni Ọ̀gá ní kí n má gbé fọ́tò wá mọ́ fún ìgbà díẹ̀, nẹ́gẹ́tíìfù ni kí n máa gbé wá, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, tí òkùnkùn àti ìmọ́lẹ̀ ti gbapò ara wọn lórí rẹ̀. Ó ní fọ́tò lè purọ́ fún ni, nẹ́gẹ́tíìfù kì í fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ tó dá lórí rẹ̀: "Ebi ń pa wọ́n." Lóòótọ́, wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n rù. Ibi tó ṣókùnkùn láyé ló máa ń mọ́ gaara lórí nẹ́gẹ́tíìfù, tèmi sì mọ́ ju bó ti yẹ lọ: abẹ́ àga, inú ẹnu ọ̀nà, abẹ́ fìlà, gbogbo wọn mọ́ bíi gíláàsì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè tẹ̀ jáde. Mo ní màá fọ fíìmù tó kàn pẹ́ sí i. Ó mi orí. Ohun tí ibi òkùnkùn kò bá rí jẹ nígbà tí ẹ tẹ kámẹ́rà, fífọ̀ kò lè fún un; bí ẹ bá fọ̀ ọ́ pẹ́, ibi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa ń gba gbogbo rẹ̀, á wá dúdú kìjikìji lórí nẹ́gẹ́tíìfù débi pé funfun báláú ló máa jáde lórí pépà. Ìyẹn ló wà nídìí ètò tí àwọn ayàwòrán méjì, Ansel Adams àti Fred Archer, là kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1940, tí wọ́n pín òkùnkùn títí dé ìmọ́lẹ̀ sí ìpele mọ́kànlá, láti 0 dé 10: ibi òkùnkùn ni kí ẹ wò kí ẹ tó yà á, ibi ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ fi díwọ̀n ìgbà tí ẹ ó fọ̀ ọ́ mọ. Mi ò gbé ìpele mọ́kànlá lórí. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú mítà, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, sí abẹ́ àga.

Fífọ fíìmù fúnra rẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ. Fíìmù tí mò ń lò, HP5 Plus, ń rí gbogbo àwọ̀, pupa pàápàá, nítorí náà iná pupa tí a lè tàn tí a bá ń tẹ fọ́tò sórí pépà kò wúlò fún un. Òkùnkùn biribiri ni a fi ń ká a sórí ríìlì. Ìka ló ń ríran níbẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi làágùn, fíìmù lẹ̀ mọ́ ríìlì, mo tì í, ó kọ̀, mo fà á, ó dún fín-ín, mo sì mọ̀ pé mo ti ṣẹ́ ẹ létí. Mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, mo fi ọwọ́ nu ṣòkòtò, mo tún bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti wọ táǹkì tán, ó kù sí ọwọ́ aago: kẹ́míkà ID-11 tí a kò bu omi là, ìwọ̀n ooru 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ìṣẹ́jú méje ààbọ̀, kí a yí táǹkì lórí kodò nígbà mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni omi tó ń dá iṣẹ́ kẹ́míkà náà dúró, lẹ́yìn ìyẹn ni fíkísà, èyí tó ń yọ́ iyọ̀ fàdákà tí ìmọ́lẹ̀ kò kàn. John Herschel, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mọ̀ láti 1819 pé irú oògùn yẹn lè yọ́ iyọ̀ fàdákà, ogún ọdún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún fọ́tò. Mo máa ń ro ìyẹn nígbà tí mo bá ń yí táǹkì: ìdáhùn kan tó jókòó fún ogún ọdún, tó ń dúró de ìbéèrè.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí awọ ara rẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin, tó ń dán. Mo ya ojú rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Nígbà yẹn nẹ́gẹ́tíìfù mi kò rù mọ́, mo sì gbà pé ìyà ti tán. Mo tẹ fọ́tò náà, mo gbé e wá. Obìnrin kan láàárín wa wò ó, ó ní, "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wọ̀ mí lára. Ọ̀rẹ́ mi ti ràn bí ẹni tí wọ́n fi eérú kùn. Mítà inú kámẹ́rà kò mọ ènìyàn. Ohunkóhun tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí, ó gbà pé eérú àárín ni, èyí tó ń dá nǹkan bí ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, iye ìmọ́lẹ̀ tí yóò sì sọ ọ́ di eérú náà ni yóò ní kí ẹ lò. Aṣọ funfun, ó sọ ọ́ di eérú. Èédú, ó sọ ọ́ di eérú. Mo ti ń retí kí Ọ̀gá ní kí n lọ tún un yà, ṣùgbọ́n ó gba nẹ́gẹ́tíìfù, ó gbé e síwájú iná, ó ní, "Èyí yó dáadáa. Gbogbo ojú rẹ̀ wà níbí. Ìwọ lo bẹ̀rù òkùnkùn nígbà tí ò ń tẹ̀ ẹ́."

Òótọ́ ni. Ẹnì kan ti fi sí mi lórí pé fọ́tò tó dára ni èyí tó mọ́lẹ̀. Ọ̀gá fún mi ní ìwé àwòrán Roy DeCarava, ọmọ Harlem ní New York, tó gbé ayé láti 1919 sí 2009, ayàwòrán aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Guggenheim, owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn oníṣẹ́ ọnà àti ọ̀mọ̀wé ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1952. Mo gbé ìwé náà lọ sílé, mo ṣí i, mo rò pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ bàjẹ́ ni. Ó ṣú. Mo gbé e lọ sí ẹ̀bá fèrèsé, mo jókòó tì í. Bí ilẹ̀ ṣe máa ń mọ́ sí ni lójú díẹ̀díẹ̀ tí a bá wọ yàrá tí kò ní iná, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ojú náà ṣe ń yọ: ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà ihò imú, lẹ́yìn náà etí nínú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dúdú lórí dúdú lórí dúdú, kò sí méjì tó jọra.

Mo padà sí yàrá òkùnkùn. Ìṣẹ́jú àáyá 9 ni mo fi tẹ ọ̀rẹ́ mi tẹ́lẹ̀. Mo gbé e dé 12, ó ṣì ràn. Mo gbé e dé 15, awọ rẹ̀ dé, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wọlẹ̀ jù. Mo gé páálí kékeré bí ìwọ̀n èékánná, mo so ó mọ́ wáyà, mo fi ń dí ìmọ́lẹ̀ lórí ojú méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá 3, mo ń mì í kí ojú páálí má baà hàn. Pépà mẹ́fà ni mo bà jẹ́. Ó ń tù mí nínú pé Ansel Adams, tó ya òṣùpá lórí Hernandez ní New Mexico lọ́dún 1941, ń tún un tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ojú ọ̀run rẹ̀ sì ń ṣú sí i. Nẹ́gẹ́tíìfù kan náà. Mo gbé keje lọ fún ọ̀rẹ́ mi. Ó wò ó, ó ní, "Èmi nìyí." Mi ò gba oríyìn tó ju ìyẹn lọ rí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe àríwísí.

Kí ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìṣúra nìkan ló ń jáde lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó máa ń gbé páálí méjì tí wọ́n gé bíi lẹ́tà L wá, tí yóò máa fi wọ́n sún fọ́tò olúkúlùkù pọ̀. "Gé e níbí." "Gé e lọ́hùn-ún." Bí ẹ bá fún un láyè, yóò gé fọ́tò yín títí yóò fi kù bí òǹtẹ̀. Mo ní fọ́tò kan tí ọkùnrin kan ń jáde lọ ní igun rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ló kù. Ó ní kí n gé ẹsẹ̀ náà. Mo gé e. Yàrá tó kù sílẹ̀ kàn di yàrá. Mo dá ẹsẹ̀ padà sáyè rẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti ní ìlànà tèmi: bí ẹnì kan bá sọ ibi tí ojú rẹ̀ lọ nínú fọ́tò mi, mo gbà á gbọ́ láì jiyàn, nítorí òun ló ni ojú rẹ̀. Bí ó bá sọ ohun tí kí n ṣe sí i, mo ń dúpẹ́, màá sì lọ rò ó wò.

Ọjọ́ tí ojú tì mí jù, iṣẹ́ ẹlòmíràn ni mo wí sí. Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé fọ́tò kan kalẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kan, aṣọ funfun lórí rẹ̀, ìrọ̀rí méjì, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé láti apá òsì. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń jókòó níbẹ̀ nígbà náà, ẹnu mi ti mú. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Mo ní funfun pọ̀ jù, mo ní kò sí ibi tí ojú lè sinmi sí, mo ní bẹ́ẹ̀dì lásán ni, kò sí ìtàn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu mi. Obìnrin náà ń wo tábìlì.

Ọ̀gá yí sí mi. "Kí lo rí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀dì, sà.

"Wo ìrọ̀rí."

Mo sún mọ́ ọn. Ìrọ̀rí tó wà lápá fèrèsé ti wọnú, ihò orí ènìyàn wà láàárín rẹ̀, ó jìn, etí rẹ̀ ní eérú fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ṣú bó ti ń lọ sísàlẹ̀, ìlà aṣọ sì ń sá wọ inú rẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Èkejì tẹ́ pẹrẹsẹ. Kò ní ìlà kan. Ẹ lè rí ojú ibi tí wọ́n ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó ṣì dúró gbọn-in. Ẹnì kan ṣoṣo ló sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹni méjì, ó sì ti pẹ́ díẹ̀.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ọ̀gá fún obìnrin náà láyè láti wí tirẹ̀, ó ní òun kò ní nǹkan tí òun fẹ́ fi kún un. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí a jáde. Ó ní kò sí wàhálà, pé òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i lọ́jọ́ tí òun yà á. Fún nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá gbé fọ́tò kalẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ nìkan ni mo ń kà sókè, bí ọmọ tó ń kọ́ ábídí: fèrèsé, àga, ọwọ́ lórí àga, òrùka lọ́wọ́. Ó ń bí àwọn kan nínú. Kò sí ohun mìíràn tó mú ojú mi là bẹ́ẹ̀ rí.

Láìpẹ́ yìí ni Ọ̀gá ní kí kálukú gbé kọ́ńtáàtì fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́ wá. Kọ́ńtáàtì ni pépà tí a to gbogbo nẹ́gẹ́tíìfù inú fíìmù kan lé, tí a tẹ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wínníwínní. Tèmi ti ká létí. Láti 19 dé 22, ọmọ tó wọ súwẹ́tà pupa níwájú ewé ni, ìlọ́po mẹ́rin orí tó léfòó. Ọ̀gá fi gíláàsì wò wọ́n, ó kọjá, ó dúró lórí 23. Mo ti fi bírò fa ìlà méjì kọjá lórí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o fi pa èyí rẹ́?"

"Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀, sà."

Ó gbé lẹ́ẹ̀dì pupa, ó fi yí 23 ká, ó dá pépà padà fún mi, ó sì pe ẹni tó kàn.

Mo tẹ̀ ẹ́ ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Lábẹ́ iná pupa, nínú abọ́ kẹ́míkà, súwẹ́tà ló kọ́kọ́ yọ, ìlà eérú kan, lẹ́yìn náà ìgúnpá méjì. Mo wá rántí: ooru ti mú ọmọ náà, ó ti kúrò níwájú ewé lọ síbi ògiri funfun tó wà ní ẹ̀gbẹ́, ó ń bọ́ súwẹ́tà. Èmi ti dìde, orókún ń dùn mí, mo kàn tẹ kámẹ́rà kí n lè dé ìparí fíìmù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè. Orí rẹ̀ há sínú súwẹ́tà, irun orí rẹ̀ bí ìka mẹ́rin ló yọ láti ọrùn aṣọ náà. Ẹsẹ̀ kan wà lórí èkejì, bí àwọn ọmọdé ṣe máa ń dúró tí wọn kò bá ríran. Ògiri funfun, súwẹ́tà ṣú lórí rẹ̀, gbogbo òwú tí wọ́n fi hun ún hàn.

Mo gbé e lé tábìlì láì sọ nǹkan kan. Ó yí ká. Ọ̀gá mú un dání pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bóyá mo kọ ìṣẹ́jú àáyá síbẹ̀, mo kọ ọ́, ó yí i padà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá lọ́jọ́ náà ló gbà á kẹ́yìn. Ó tẹjú mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó gbé ojú sókè sí mi.

"Ta ni ọmọ yìí?"

Mo la ẹnu. Obìnrin oní-ìrọ̀rí wò mí láti òdìkejì tábìlì. Mo pa á dé.